Kí Ló Dé Tí Àwọn Aboyún Kan Ń Bímọ Sílé?

Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà, 39 péré ni a bí sí ilé ìwòsàn. A máa ń yára sọ pé àìmọ̀kan ni. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti gba káàdì. Ṣùgbọ́n bí ìrọbí bá dé lóru, ọkọ̀ dà? Owó ohun tí a ó rà ńkọ́?

Èyí tí ó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bú nígbà àkọ́bí kì í fẹ́ padà lọ. Ìyá àgbẹ̀bí yóò pè é ní “ọmọ mi”. (Àwa tí a ti rọbí rí mọ ohun tí èyí jẹ́.) A kò bú ìyá àgbẹ̀bí o. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn ìbí, agbára rẹ̀ kò ká a, ẹ̀jẹ̀ yìí sì lè pa abiyamọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Agbẹ̀bíyè, tí ó ń san ẹ̀san nígbà náà fún ìyá àgbẹ̀bí tí ó bá mú aboyún lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Ní àdúgbò yín, ta ni ó ní ọkọ̀ tí a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní agogo 2 òru?