Ẹ̀KỌ́ INÚ ERÉ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí Universe Sandbox, eré orí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ti lè fi òṣùpá tàbí ìràwọ̀ kún èyí tó wà, kí ó sì tún ojú pílánẹ́ẹ̀tì ṣe.

Èkíní, ìwọ̀n nǹkan àti jíjìnnà rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò agbára òòfà. Bí jíjìnnà bá di ìlọ́po 2, òòfà yóò dín kù sí ìdá 1 nínú 4.

Èkejì, ẹ ronú kí ẹ tó bu omi sórí Máàsì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 100 ti ayé. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ kún un, omi yóò di yìnyín tàbí kí ó gbẹ.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ ni ìṣirò náà ń lọ. Bí a bá mú àkókò sáré jù, ìṣísẹ̀ a gùn, àṣìṣe a wọlé, òṣùpá a sì já kúrò lọ́nà láìnídìí. Nítorí náà, kí á jẹ́ kí àkókò rọra lọ, kí á tún un ṣe. Bí èsì bá yàtọ̀, ìṣirò ló ṣìnà. Ẹni tó bá fi àwòrán tí kò yẹ̀ wò ṣe ẹ̀rí, àti ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn ló ṣì lọ́nà.