Káàdì Mọ́kànlélógún: Àṣejù Ni Baba Àṣetẹ́

Ní àkókò ìsinmi kan, ọmọ Ìjerò kan tí a jọ wà ní yunifásítì wá kí mi ní Arámọkọ. Ojú rẹ̀ kò dùn. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó jẹ́wọ́ pé ìdajì owó ilé-ìwé tí ìyá òun ta kòkó láti san ti bá káàdì lọ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n ta o. Oríire ni kò sí." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ níhìn-ín: bí a ti ń ta Mọ́kànlélógún, bí a ti ń fi ọgbọ́n ta á, àti ibi tí agbára ọgbọ́n náà mọ.

Bí eré náà ti rí

Kì í ṣe Whot tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Káàdì 52 ni à ń lò. Àwọn tí 2 títí dé 10 wà lára wọn ń jẹ́ iye tí a kọ sí wọn. J, Q àti K, tí àwòrán ènìyàn wà lára wọn, ń jẹ́ 10 kọ̀ọ̀kan. A lè jẹ́ 1 tàbí 11.

Ẹni tí ń pín káàdì ni ó dúró fún ilé tẹ́tẹ́. Yóò fún yín ní méjì, yóò mú méjì. Ọ̀kan nínú tirẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀, èkejì yóò dojú bolẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ ta. Ẹ lè gba káàdì sí i, ẹ sì lè dúró. Bí àpapọ̀ yín bá ju 21 lọ, owó yín ti lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá dúró, apínkáàdì gbọ́dọ̀ máa mú káàdì títí tirẹ̀ yóò fi pé 17 ó kéré tán. Ẹni tí ó bá sún mọ́ 21 jù ni ó jẹ. Bí ó bá di ọ̀mì, ẹ gba owó yín padà.

Ìlànà

1. Bí àpapọ̀ yín kò bá ju 11 lọ, ẹ gba káàdì.
2. Bí ẹ bá ka A sí 11, tí àpapọ̀ kò sì ju 17 lọ, ẹ gbà. Bí ó bá fẹ́ kọjá 21, A yóò padà di 1.
3. Bí ẹ kò bá ka A sí 11, tí àpapọ̀ pé 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúró.
4. Láti 12 dé 16, ẹ wo káàdì tí apínkáàdì ṣí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 7 sókè tàbí A, ẹ gbà. Bí ó bá jẹ́ 2 dé 6, ẹ dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní 12, tí tirẹ̀ jẹ́ 2 tàbí 3, ẹ gbà.

Ẹ jẹ́ kí á fi 16 ṣe àpẹẹrẹ. Oríṣi káàdì 13 ni ó wà. A, 2, 3, 4 àti 5 kò lè ba 16 jẹ́. Mẹ́jọ yòókù yóò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí apínkáàdì bá ṣí 10, 16 kì í sábà jẹ, nítorí náà ni a ṣe ń gbà. Bí ó bá ṣí 6, yóò kọjá 21 ní ìgbà tí ó ju 40 lọ nínú 100. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí àṣejù jẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin ni ó fara balẹ̀ ṣe ìṣirò irú ìlànà yìí, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956.

Ibi tí ọgbọ́n mọ

Bí ẹ̀yin àti apínkáàdì bá jọ kọjá 21, owó yín ti lọ ná, nítorí ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ta. Ibẹ̀ ni èrè ilé tẹ́tẹ́ ti ń wá. Ẹni tí ó bá ń ta bí apínkáàdì ti ń ta, bí ọjọ́ bá ti ń gùn, yóò máa pàdánù nǹkan bí ₦5.50 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ gbogbo ìlànà dunjú, níbi tí òfin eré ti dára, yóò máa pàdánù nǹkan bí 50 kọ́bọ̀. Ọ̀ta ń pàdánù, ọ̀pẹ ń pàdánù. Ti ọ̀pẹ ni ó yá jù.

Mo gbé ọpọ́n ayò wá. Mo ka ọmọ ayò 24 fún ọmọ Ìjerò náà, mo mú 24, mo sì ń pín káàdì. Nígbà tí ó ta á bí ọkàn rẹ̀ ti wí, kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣófo. A tún un ta, ó tẹ̀lé ìlànà, ó sì wà níbẹ̀ títí iyán fi délẹ̀. Nígbà tí a kà á, 19 ni ó kù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí mo bá mọ̀ ọ́n ta, pípẹ́ lásán ni mo máa pẹ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe oríire ni kò sí."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ ayò ni kí ẹ fi ta á. Bí ó bá sì di dandan kí ó jẹ́ owó, kí ó jẹ́ èyí tí ẹ lè fi ra ẹ̀pà jẹ láìbojú wẹ̀yìn. Ní ti ọmọ Ìjerò, kò dúró di ọjọ́ kejì. Ó wọkọ̀ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti lọ sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀.