KÍ A TÓ TA OKO: Ẹ̀kọ́ fún Tọkọtaya tí ń Wá Ọmọ

Láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kejìlá, owó kòkó a máa wọ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìkéré, Ìsẹ̀, Èmùré àti àwọn aba tí ó yí wọn ká. Ní àkókò yìí ni àgbẹ̀ ń san gbèsè, tí ó ń tún òrùlé ṣe, tí ó sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n irú ilé kan wà tí owó náà kì í pẹ́ níbẹ̀, èyíinì ni ilé tọkọtaya tí ń wá ọmọ. Ní ọdún kan, owó lọ sí ọwọ́ alágbo. Ní ọdún kejì, ó lọ sí ọwọ́ aríran. Ní ọdún kẹta, a fi oko dógò nítorí ìtọ́jú ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Nígbà tí ọdún mẹ́fà bá fi pé, oko ti lọ, ọmọ kò tíì dé, kò sì sí ẹni tí ó tíì bi ọkọ léèrè bí ara tirẹ̀ ti rí.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ̀kọ́ yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó di ọ̀nà, kí a tó náwó láti ṣí i, kí ọkọ àti aya sì jọ lọ wádìí rẹ̀.

1. OHUN TÍ À Ń PÈ NÍ ÀÌRỌ́MỌBÍ

Láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn ti ń tọrọ ọmọ níwájú òkè Olósùnta ní Ìkéré. Àwa tí ń lọ sí ilé ìsìn pẹ̀lú mọ ìtàn Hánà, ẹni tí ó sunkún títí àlùfáà fi rò pé ọtí ni ó mu. Ìrora yìí kì í ṣe ohun kékeré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ẹ̀sín. Kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan: ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, nǹkan bí ẹnì kan ni yóò bá ìṣòro yìí pàdé ní ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, a kì í pe tọkọtaya ní aláìrọ́mọbí àfi bí wọ́n bá ti ń sùn pọ̀ déédéé fún oṣù 12, láìlo ohun tí ń dènà oyún, tí oyún kò sì dúró. Nínú tọkọtaya 100 tí ara wọn dá, àwọn tí ó lé ní 80 ni yóò lóyún kí ọdún kan tó pé. Ṣùgbọ́n bí aya bá ti lé ní ọmọ ọdún 35, kí wọn má ṣe dúró ju oṣù mẹ́fà lọ kí wọn tó lọ rí dókítà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, "déédéé." Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń gbé ní aba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí aya rẹ̀ sì ń gbé ní ìlú. Ẹyin obìnrin a máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé, kì í sì í ju ọjọ́ kan lọ tí agbára rẹ̀ fi ń tán. Irúgbìn inú àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà péré nínú oṣù ni oyún lè dúró. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dé ní ọjọ́ 28-28, bí a bá ka ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ kìn-ín-ní, láti ọjọ́ 9 dé ọjọ́ 14 ni. Bí ọkọ bá wà ní aba ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, kò sí oògùn tí ó lè ṣe iṣẹ́ fún wọn. Kí ó padà sílé: ìmọ̀ràn yìí kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

2. TA NI Ó NI Ẹ̀BI?

Ní ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn ènìyàn Ilé-Ifẹ̀ rò nípa àìrọ́mọbí. Wọ́n rí i pé ojú tí a fi ń wo obìnrin tí kò bí burú púpọ̀ ju èyí tí a fi ń wo ọkùnrin lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Èkìtì wa pẹ̀lú. Ìyá ọkọ a pe ìyàwó ní orúkọ tí kò dára, àwọn ará ilé a sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ìyàwó mìíràn fún ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn mọ̀ dájú pé nínú nǹkan bí ìdajì gbogbo ọ̀ràn yìí ni ọkọ ní ọwọ́, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú aya rẹ̀. Ọkùnrin tí ó lágbára lórí ibùsùn lè má ní irúgbìn tí ó tó nínú àtọ̀ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni okun, ọ̀tọ̀ ni irúgbìn.

Àwọn ohun tí ń ba irúgbìn ọkùnrin jẹ́ pọ̀: ṣegede tí ó wọ kórópọ̀n lẹ́yìn tí ọmọkùnrin ti bàlágà, iṣan tí ó wú yí kórópọ̀n ká, àtọ̀sí tí a kò tọ́jú, sìgá, àti abẹ́rẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń mú kí iṣan ara wọn yọ. Ní ọdún 1977, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a ṣàwárí pé àwọn ọkùnrin tí ń po oògùn apakòkòrò kan tí a ń pè ní DBCP kò lè bímọ mọ́. Oògùn náà ti pa irúgbìn wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń fín oògùn sí kòkó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, kí ẹ sì wẹ̀ kí ẹ tó jẹun.

Ní ti obìnrin, ẹyin lè má gbó déédéé, fàíbúrọ́ìdì lè hù sí ilé-ọmọ, tàbí kí ọ̀nà méjì tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ dí. Ìdí ọ̀nà yìí ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní orílẹ̀-èdè 25, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1985, iye tí ó lé ní 85 nínú obìnrin 100 tí a yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ní irú àbùkù tí kòkòrò àrùn máa ń fà. Àtọ̀sí àti kilamídíà ni olórí wọn. Oyún tí a ṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ àti ìbímọ ní ibi tí kò mọ́ tẹ̀ lé wọn. Àrùn tí a lè fi oògùn díẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń di ohun tí oko kòkó kò lè san owó rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá. Kí àwọn òbí sọ èyí fún àwọn ọmọ wọn ní gbangba. Bí a bá sì rí àrùn yìí lára ẹnì kan, kí a tọ́jú ọkọ àti aya pọ̀.

3. BÍ A TI Í GUN ÀKÀSỌ̀ NÁÀ

Ẹni tí ń gun àkàsọ̀ kì í fò dé orí rẹ̀. Ipele ìsàlẹ̀ ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ tẹ̀.

Ìkíní: Kí ọkọ àti aya jọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìkejì: Kí a yẹ àtọ̀ ọkọ wò. Àyẹ̀wò yìí kò ní abẹ, kò ní ìrora, owó rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kéré jùlọ. Kí ọkọ kó ara ró fún ọjọ́ 2 sí 7 kí ó tó lọ. Bí irúgbìn tí ó wà nínú mìlílítà kan bá kéré sí mílíọ̀nù 16, dókítà yóò fẹ́ wádìí sí i. Bí èsì kìn-ín-ní kò bá dára, a máa tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nítorí irúgbìn ọkùnrin ń pẹ́ ju oṣù méjì lọ kí ó tó pọ́n.

Ìkẹta: Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ aya wò bóyá ẹyin ń jáde. Bí kò bá jáde, oògùn oníhóró wà tí ó lè mú un jáde, owó rẹ̀ kò sì tó apá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn ìtọ́jú ńlá.

Ìkẹrin: Kí a fi omi àkànṣe àti ẹ̀rọ X-ray wo ọ̀nà ẹyin. A máa ń ṣe é lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti tán, kí ẹyin tó jáde.

Bí ọ̀ràn bá ju agbára ilé ìwòsàn ìtòsí lọ, kí wọn gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Kí wọn kó gbogbo èsì àyẹ̀wò wọn sínú àpò kan, kí ó má bà á di pé wọ́n ń sanwó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

4. ÌPELE TÍ Ó GA JÙ

Nígbà mìíràn ọ̀nà ẹyin ti dí pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Lesley Brown, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó wá ọmọ fún ọdún 9. Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy mú ẹyin rẹ̀ jáde, wọ́n pò ó mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú àwo, wọ́n sì dá ọlẹ̀ padà sínú ilé-ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978, ní ìlú Oldham, ó bí Louise. Ìtọ́jú yìí ni à ń pè ní IVF. Ní ọdún 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí ayé ní Èkó. Nítorí náà, kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú.

Ṣùgbọ́n kí a ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 2024, owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jùlọ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Bí a bá ní kí ẹnì kan san mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ìgbà kan ṣoṣo, owó oṣù 43 nìyẹn, láìjẹ, láìmu. Kò sì dájú pé ìgbà kan ni yóò tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022, nínú ọlẹ̀ 100 tí a fi sínú ilé-ọmọ àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35, nǹkan bí 35 ni ó di ọmọ. Fún àwọn ẹni ọdún 43 sí 44 tí wọ́n lo ẹyin ara wọn, nǹkan bí 5 ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé òun fi dá yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí a tó san owó, kí a bèèrè pé: Kí ni àrùn wa gan-an? Ǹjẹ́ ọ̀nà tí ó rọrùn jù wà? Ǹjẹ́ oògùn àti àyẹ̀wò wà nínú iye tí ẹ dá lé wa? Èló ni a ó tún san bí kò bá bọ́ sí i? Lẹ́yìn náà, kí tọkọtaya kọ iye tí wọn kò ní kọjá sílẹ̀. Kí wọn kó owó náà jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, dípò kí wọn yá owó èlé. Oko tí ń bọ́ wọn ni yóò bọ́ ọmọ náà pẹ̀lú bí ó bá dé.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ẹlẹ́tàn. Ní ọdún 2024, àwọn oníròyìn BBC tú àṣírí àwọn kan ní Ìpínlẹ̀ Anambra, tí ń fún obìnrin ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ikùn wú, tí wọn a ní oyún ni, tí ọmọ ẹlòmíràn a sì di ohun tí wọn ń tà fún un. Ọ̀daràn ni ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́, kí ó gba ọ̀dọ̀ ìjọba àti ilé ẹjọ́ lọ ní ọ̀nà tí ó tọ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ọmọ ni.

5. ILÉ ṢE PÀTÀKÌ JÙ

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe rán aya yín nìkan sí dókítà. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ jọ gbọ́ ọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni àbùkù wà, ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín kí ó fi aya yín lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má ṣe bèèrè ikùn lọ́wọ́ ìyàwó ní gbogbo ìgbà tí ó bá kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ní kí aláìsàn fi oògùn sílẹ̀. Àwọn kan yóò bímọ. Àwọn kan kì yóò bí. Ọkọ àti aya tí ó jọ gun àkàsọ̀ náà, tí oko wọn kò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọn kò sì di ọ̀tá ara wọn, ilé wọn kò tíì wó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌRÁNTÍ

1. Oṣù mélòó ni ó yẹ kí ó kọjá kí a tó pe ọ̀ràn ní àìrọ́mọbí?
2. Àyẹ̀wò wo ni ó yẹ kí ọkọ kọ́kọ́ ṣe, kí ni ìdí rẹ̀?
3. Àrùn wo ni ó sábà máa ń dí ọ̀nà ẹyin, báwo ni a sì ṣe lè dènà rẹ̀?
4. Àwọn ìbéèrè wo ni ó yẹ kí a bi ilé ìwòsàn kí a tó san owó ńlá?