Ìgò Òfìfo: Orúkọ àti Ìpààrọ̀ Rẹ̀

Ní Agbowa, àgbà kan tí ń tún rédíò àtijọ́ ṣe fi ìgò kékeré méjì hàn mí, ó ní: “Ọ̀mọ̀wé, gílóòbù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pe méjèèjì, wọ́n sì ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.” Ewu wà nínú àṣà yìí.

Gílóòbù kò tọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Fáàfù rú mọ́ ti táyà. Fleming ṣe irú èyí tí iná ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá nínú rẹ̀ ní 1904; De Forest fi asẹ́ kún un ní 1906, asẹ́ náà ni ohùn kékeré fi ń darí iná ńlá. Nítorí náà, mo dábàá “ìgò òfìfo” fún gbogbo wọn, àti “ìgò alásẹ́” fún èyí tí ó ní asẹ́.

Ṣùgbọ́n fún ìpààrọ̀, àmì ara ìgò ni oríkì rẹ̀. Nínú ECC83, E dúró fún fóltì 6.3 tí ń mú un gbóná. C méjì, alásẹ́ méjì nínú ìgò kan. 8, ìdí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án. 12AX7 ti Amẹ́ríkà lè rọ́pò rẹ̀. ECC88, tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga fún gbohùngbohùn etí, wọ ihò kan náà, ṣùgbọ́n a lè so ECC83 mọ́ fóltì 12.6; bí ECC88 bá bọ́ síbẹ̀, okùn ìmúgbóná rẹ̀ lè jó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ orúkọ irú, kí a sì fi àmì sílẹ̀ bí ó ti wà.