Oṣù Wo Ni Àgbẹ̀ Yóò Yọ Sílẹ̀ fún Iṣẹ́-Abẹ?

Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ń gbé ìpá kiri ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní agbègbè Òṣogbo, kì í ṣe ẹ̀rù abẹ nìkan ni ó ń dá wọn dúró. Oko ni. Bí ó bá di oṣù kẹta, òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá di oṣù kẹwàá, kòkó ti pọ́n lórí igi. Láàárín méjèèjì, koríko ń hù, ajílẹ̀kòkó ń fẹ́ oògùn, ọmọ ilé-ìwé sì ń bèèrè owó. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún, tí ohun tí kò ju ẹyin àdàbà lọ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ fi di ohun tí a ń wá aṣọ ńlá bò. Ẹni tí ó bá ń retí ìgbà tí àyè yóò ṣí sílẹ̀ kì yóò rí i, nítorí oko kì í yọ̀ǹda àyè fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ó ní láti yọ ọ́, kí ó sì yọ ọ́ ṣáájú.

Ìpá ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe wíwú tí ó wà ní ojú abẹ́ tàbí nínú àpò ẹpọ̀n, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú ọ̀kan, omi ni ó kún inú àpò náà. Nínú èkejì, èyí tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí, ẹran ara tí ó bo ikùn ti lanu níbì kan ní ìsàlẹ̀, ìfun sì ń gba ibẹ̀ yọ nígbà tí ènìyàn bá nàró, tí ó bá húkọ́, tàbí tí ó bá gbé ẹrù. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ìfun a padà sí àyè rẹ̀. Kò sí àgbo tàbí ìgbàdí tí ó lè dí ihò náà pa. Edoardo Bassini, oníṣègùn ará Ítálì, ni ó kọ ìwé ní ọdún 1887 tí ó fi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó dára láti rán an. Lóde òní, àwọ̀n kékeré kan ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń fi bo ihò náà mọ́lẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Uganda, a fi àwọ̀n tí a ṣe láti ara irú àwọ̀n ẹ̀fọn wé àwọ̀n olówó ńlá lára ọkùnrin 302, a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016: lẹ́yìn ọdún kan, olówó pọ́ọ́kú náà kò já kulẹ̀ níwájú èkejì. (Èyí kò wí pé kí ẹnikẹ́ni gé àwọ̀n orí ibùsùn rẹ̀ lọ bá dókítà, a ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò ara èyí tí wọ́n lò.)

Iṣẹ́-abẹ náà fúnra rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan tàbí méjì lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì padà sílé ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Ẹni tí ó ti rí i pé òun ti dé ilé a rò pé òun ti sàn. Ojú ọgbẹ́ tí ó wà lókè a máa pa dé láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, a sì máa tú òwú tí a fi rán an, ṣùgbọ́n ẹran tí ó wà nísàlẹ̀ kò yára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ ilé amọ̀ rí yóò mọ bí ó ti rí. A kì í gbé ìpele kejì lé ìpele kìíní kí ti ìsàlẹ̀ tó gbẹ. Ara ògiri lè dà bí èyí tí ó ti le lójú, síbẹ̀ bí a bá ti i, yóò wó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, agbára ibi tí a rán kò tíì tó nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, ó sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó tó súnmọ́ agbára tí yóò ní títí ayé.

Síbẹ̀ ìsinmi kì í ṣe ìdùbúlẹ̀. Ṣáájú ọdún 1940, àwọn oníṣègùn a máa fi aláìsàn sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn irú iṣẹ́-abẹ yìí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu bàbá wọn sì ń ka gbogbo rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́ tí yóò ná wọn. Ìlànà náà ti kọjá lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn nínú ẹsẹ̀ lè dì, ohun tí ó dì náà sì lè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó pa ènìyàn. Nítorí náà, ní ọjọ́ iṣẹ́-abẹ gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì ni aláìsàn yóò ti dìde, tí yóò rìn yí ilé ká. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó lè rìn lọ sí ilé ìjọsìn, kí ó jókòó ka ìwé owó rẹ̀, kí ó máa ṣa èso kòkó tí ó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tí ó dára bí ẹlòmíràn bá gbé e dé iwájú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ ọwọ́ tí kò wúwo kò léwu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ́, àdá, igi gígé àti ẹrù orí ní láti dúró di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Àwọn dókítà mìíràn a sì sọ pé oṣù mẹ́ta, pàápàá bí ihò náà bá tóbi tàbí bí a kò bá fi àwọ̀n sí i. Ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fọ́n oògùn sí kòkó, bí ó bá gba lítà 15, ju kílò 15 lọ nígbà tí ó kún. Ó wà nínú ohun tí ó ní láti dúró.

Kí ó tó gbà láti dùbúlẹ̀ fún abẹ, ó tọ́ kí àgbẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún oníṣègùn, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dàgbà ní ìlú lè má mọ ohun tí kíkọ ebè ń béèrè lọ́wọ́ ikùn. Gbólóhùn kan tó: “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ebè ni mo ń kọ, ọjọ́ wo ni mo lè tún mú ọkọ́?” Kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, kí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n kà sì kà á fún gbogbo ilé, kí ìyá ilé lè ní ohun tí yóò fi dá a lẹ́kun.

Nísinsìnyí, oṣù wo? Fún olóko kòkó ní agbègbè Iléṣà, ìkórè ńlá máa ń wà láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá títí di ìparí ọdún. Nígbà tí a bá ti sá kòkó, tí a sì ti tà á, owó wà lọ́wọ́, òjò kò sì tíì dé. Bí ó bá lọ fún abẹ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ yóò pé ní ọjọ́ 26 oṣù kejì, kí òjò àkọ́kọ́ tó mú ilẹ̀ rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó lòdì sí àkókò yìí: ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ àti èéfín iná ìgbẹ́ a máa mú ikọ́ wá, ikọ́ sì ń fa ibi tí a rán ya ju ẹrù kékeré lọ. Ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú ní ọdọọdún gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ ná. Ẹni tí ó ń fa tábà gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, ó kéré tán. Inú tí ó le náà ń ṣe irú ìjàǹbá kan náà. Ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti omi púpọ̀ kò wọ́n ní oko. Ẹni tí ó bá sì yan oṣù kọkànlá yóò rántí pé òun kò lè gbé iṣu lọ sí iwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Ìkórè. Kí ó rán ọmọ.

Àwọn baba ńlá ti fi ohun èlò kan sílẹ̀ tí ó bá ọ̀ràn yìí mu ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ, èyíinì ni àáró. Bí ẹgbẹ́ àáró bá jẹ́ ọkùnrin mẹ́fà, tí ẹni tí ó fẹ́ lọ fún abẹ sì fi ọjọ́ méjì méjì ṣiṣẹ́ ní oko àwọn márùn-ún yòókù ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, láì gba ìpín tirẹ̀, ó ti fi ọjọ́ mẹ́wàá pamọ́ sára wọn. Ní oṣù kẹta, ọkùnrin márùn-ún yóò wá kọ ebè fún un ní ọjọ́ méjì gbáko nígbà tí òun yóò jókòó lábẹ́ igi. Kì í ṣe ìtọrọ. Gbèsè ni wọ́n san. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsúsú: kí ó bá olórí ẹgbẹ́ sọ ọ́ nígbà tí a bá ń to ìpín, kí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù iṣẹ́-abẹ. Ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ní láti wà nínú ìpète yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni igi, omi àti ojú oko yóò já lé lórí bí a kò bá ṣètò ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kan wà tí gbogbo ìpète yìí fi di asán. Bí wíwú náà bá le, tí kò padà wọlé mọ́ bí ènìyàn ti dùbúlẹ̀, tí ó ń dun ni gidigidi, tí èébì bẹ̀rẹ̀, tí ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ kò sì jáde, ihò náà ti fún ìfun lọ́rùn. Láàárín wákàtí díẹ̀ ìfun lè kú, kí ó sì jẹrà nínú ikùn. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní àgbo tàbí oògùn ìgbẹ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ padà tipátipá. Ilé-ìwòsàn ni, ní òru náà: ìbáà ṣe Wesley Guild ní Iléṣà, tí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tí ó sì di ara ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Ifẹ̀ láti ọdún 1975, tàbí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Nítorí èyí, ilé tí ìpá bá wà kò gbọdọ̀ ṣaláìní owó ọkọ̀ ní ìpamọ́.

Ẹni tí ń gba owó oṣù ní ìṣirò mìíràn. Òfin Òṣìṣẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 1974, fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan bí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó tún ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ 6, ó kéré tán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, jẹ́ 30. Ọjọ́ 12 ni ó kù, òun sì ni alágbàṣe ní láti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ṣáájú, kí a fún un ní iṣẹ́ ìjókòó. Iṣẹ́ ìjọba ní ìlànà tirẹ̀. Olùkọ́ ni ó rọrùn fún jùlọ, nítorí ìsinmi gígùn àárín ọdún ti wà nílẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí iṣẹ́-abẹ tiwọn kan ara tí ó sanra jù, irú èyí tí Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ní Iowa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, tí a sì ń ṣe ní Èkó àti Àbújá lónìí. A ń sọ àpò oúnjẹ di kékeré, tàbí a tún yí ọ̀nà oúnjẹ padà kúrò ní apá kan ìfun. Ìlànà tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1991, tí a tẹ̀lé títí a fi yí i padà ní ọdún 2022, ni pé kí a ṣe é fún irú ẹni tí ó ga ní mítà 1.70 tí ó sì tó nǹkan bí kílò 116, tàbí kílò 101 bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀. Akọ̀wé lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ń gbé ẹrù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ó ń pẹ́ jù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi ọbẹ̀ àti ohun mímu nìkan. Lẹ́yìn náà ohun tí a lọ̀ kúnná. Lẹ́yìn náà ẹyin àti ẹja rírọ̀. Oúnjẹ líle kò dé títí di nǹkan bí oṣù kejì. Fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí ó ka ọjọ́ tí kò jẹ iyán sí ọjọ́ tí kò jẹun, èyí nira ju abẹ lọ, nítorí iyán a máa dì mọ́ àpò kékeré náà, ìwọ̀nba òkèlè díẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́ títí. Agbára kò ní pọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí náà kí oníṣòwò má ṣèlérí ìrìn-àjò ọjà jíjìn. Oògùn afáralókun wà tí yóò máa lò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì wà lọ́dọọdún. Obìnrin tí ó ṣì ń bímọ ní láti fi oyún dúró fún oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn rẹ̀, kí ọkọ àti aya sì fi ẹnu kò lórí èyí kí wọ́n tó gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà.