Nígbà Tí Adágún Bá Jẹun Jù

Ní Kisumu, ìlú tó wà létí Adágún Victoria ní orílẹ̀-èdè Kenya, àwọn ìgbà kan wà tí omi a máa yí àwọ̀ padà. Yóò di aláwọ̀ ewé, yóò ki bí ọbẹ̀ ewédú, òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo etí omi kan. Ewé kọ́ ló já sínú rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín ni, tí ojú lásán kò lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n bo ojú omi. Sáyánóbakitéríà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Wọn kì í ṣe àlejò láyé. Ó ti lé ní bílíọ̀nù méjì ọdún tí wọ́n ti wà, àwọn ló sì kọ́kọ́ tú ọ́síjìn tí à ń mí sínú afẹ́fẹ́. Gbogbo wọn kọ́ ló burú. Ní Adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu máa ń kó irú kan lára wọn, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fi se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é.

Àpọ̀jù ni wàhálà, oúnjẹ ló sì ń fa àpọ̀jù. Òjò a gbá ajílẹ̀ kúrò lóko, a gbá ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí kúrò nílùú, odò a kó gbogbo rẹ̀ dé adágún. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn tó ń mú àgbàdo yọmọ lóko náà ni sáyánóbakitéríà ń jẹ. Winam, apá adágún tó wọ ilẹ̀ wá sí Kisumu, kò jìn, ẹnu rẹ̀ sì há. Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde.

Àìrímí ló sábà ń kọ́kọ́ pa ẹja, kí májèlé sáyánóbakitéríà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án, sáyánóbakitéríà ń tú ọ́síjìn sómi. Lóru, àwọn náà ń mí in. Bí wọ́n bá wá kú lọ́pọ̀, àwọn bakitéríà mìíràn tó ń jẹ òkú wọn yóò lo èyí tó kù tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja á ti yọ ẹnu sójú omi, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èyí tó lè sá á sá lọ. Epìyà tí wọ́n ń sìn nínú àgò alawọ̀n kò ríbi sá sí, àìtó ọ́síjìn sì ti pa ẹja rẹpẹtẹ nínú irú àgò bẹ́ẹ̀ ní Winam.

Májèlé náà wà o. Èyí tí wọ́n ń pè ní microcystin a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á. Inú ẹja àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń kó sí ju ẹran ara lọ.

Ti àwọn ẹja kéékèèké tó ń jẹ́ síkílíìdì ló yani lẹ́nu jù. Nígbà kan, oríṣi wọn tó wà ní Adágún Victoria tó 500. Àwọ̀ ni abo fi ń mọ akọ ẹ̀yà tirẹ̀: akọ ẹ̀yà kan pupa, ti òmíràn ní àwọ̀ aró. Nígbà tí omi dà rú, ìmọ́lẹ̀ kò wọlé dáadáa mọ́, pupa àti aró sì wá jọra lójú abo. Ní 1997, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ole Seehausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé níbi tí omi ti ṣókùnkùn, àwọn ẹ̀yà ń gun ara wọn, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ń parẹ́. Nile perch, ẹja ńlá tí wọ́n dà sínú adágún náà ní àwọn ọdún 1950, ni wọ́n sábà máa ń di gbogbo ẹ̀bi ìdínkù síkílíìdì rù. Ó jẹ síkílíìdì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Ṣé àpọ̀jù sáyánóbakitéríà yìí ṣeé dá dúró? Amẹ́ríkà àti Kánádà fọwọ́ sí àdéhùn ní 1972 láti dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kù nínú omi ìdọ̀tí tó ń wọ Adágún Erie tó wà ní ààlà wọn, omi náà sì mọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ajílẹ̀ oko tún sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Ní oṣù Kẹjọ 2014, nǹkan bí 400,000 ènìyàn ní agbègbè Toledo, ìlú kan létí adágún náà ní ìpínlẹ̀ Ohio, kò lè mu omi ẹ̀rọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta nítorí microcystin. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ Ohio ṣòfin pé àgbẹ̀ agbègbè náà kò gbọdọ̀ fọ́n ajílẹ̀ sórí ilẹ̀ tí òtútù ti mú dì tàbí tí òjò ti rin gbingbin.