Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Àpáta Tí Ooru Abẹ́ Ilẹ̀ Ti Yí Padà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àpáta tó wà ládùúgbò rẹ̀, òòlù ló kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Á fọ́ igun kan, á sọ ọ́ sínú àpò, á gbé e tọ olùkọ́ lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáta tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti yí padà ní ẹ̀rí tó wà lára rẹ̀, ó sì ní èyí tó wà nínú bó ṣe dùbúlẹ̀: ìhà tí ìlà ara rẹ̀ kọjú sí, bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, àti àpáta mìíràn tó fara tì í. Ẹ̀rí kejì yìí kì í wọ àpò. Bí ẹ bá ti gbé òkúta kúrò láìkọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó jáde, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ ń wá yé yín. Ẹ wo ohun tí iná ń fi amọ̀ ṣe lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò. Amọ̀ náà kò yọ́, kò sì ṣàn, ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá jó o tán, ó ti di nǹkan mìíràn, kò sì ní padà di amọ̀ mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ nìyẹn, àfi pé ti ibẹ̀ ń gba ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Bí a bá ń lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, ooru sábà máa ń fi nǹkan bíi dígírì 25 sí 30 lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní jíjìn 20 kìlómítà, ó ti tó dígírì 500 sí 600, ẹrù àpáta tó wà lókè níbẹ̀ sì ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ àwa lórí ilẹ̀ lọ, ní ìlọ́po 5,000 ó kéré tán. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó bá dé irú ibẹ̀ kò lè wà bó ṣe wà. Àwọn èròjà inú rẹ̀ á tú ká, wọ́n á tún ara wọn tò. Omi díẹ̀ tó há sáàárín wọn á máa gbé wọn kiri. Èròjà tuntun bíi mica àti garnet á sì máa hù jáde. Òkúta náà ṣì le gbagidi ní gbogbo àsìkò yìí. Bí ilẹ̀ bá ń fún un láti ìhà kan ju ìhà kejì lọ, àwọn èròjà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á kẹ̀yìn sí ibi tí ìfúnpá ti ń bọ̀, gbogbo wọn á tò sí ọ̀nà kan náà. Ibẹ̀ ni ìlà ara àpáta ti ń wá. Tí ooru bá kọjá nǹkan bíi dígírì 650, tí omi sì wà níbẹ̀, apá kan òkúta náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Yorùbá kò ní rìn jìnnà kó tó rí àpáta báyìí. Orí wọn ni Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti apá púpọ̀ nínú Èkìtì jókòó lé. Àpáta wà ní Ìbàdàn tó ti lo ju 2 bílíọ̀nù ọdún lọ láyé. Ṣùgbọ́n ìyípadà ńlá tó gbẹ̀yìn dé bá gbogbo wọn ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun kan tó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa pa dé, tí ilẹ̀ tó wà ní bèbè rẹ̀ méjèèjì sì kọlu ara wọn. Àpá ìkọlù náà ṣì wà ní Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin, nínú àwọn òkè Atakora àti òkè Kabyè, níbi tí àpáta tó ti rì jìn gan-an ti padà jáde sójú ilẹ̀. Àpáta tó bá wọn tan tún wà ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì, nítorí pé òkun Atlantic kò tíì là wá sọ́tọ̀ nígbà náà.

Ibo ni kí ẹ ti wò ó? Ojú odò ló dára jù, pàápàá lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti gé òkè láti la ọ̀nà, àti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tà bí wọ́n bá gbà yín láàyè. Ẹ kọjá lára yangí. Òjò àti oòrùn ló ṣe é, ó sì máa ń bo àpáta gidi mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ tàbí àgbà tó ni ilẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń bọ àpáta náà. Èyí tí wọ́n bá ń bọ, ojú ni ẹ ó fi wò ó, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Ní agbègbè Iléṣà, ẹ má sún mọ́ kòtò tí àwọn awagóòlù ti pa tì. Omi máa ń kún inú wọn, etí wọn a sì máa ya lulẹ̀.

Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ìlà ara àpáta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wá ojú pẹlẹbẹ kan tí àpáta ti là gba ojú ìlà náà, kí ẹ da omi díẹ̀ sí i. Ibi tí omi bá ṣàn sí ni àpáta dagẹ̀rẹ̀ sí. Ẹ fa ìlà kan tó dábùú ipa omi yẹn, tí kò gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi kọ́ńpáàsì wo ìhà tó kọjú sí; lẹ́yìn náà kí ẹ wọn bí ojú náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, láti dígírì 0 tó tẹ́jú pẹrẹsẹ dé 90 tó nà ró ṣánṣán. Fóònù tó ní kọ́ńpáàsì lè ṣe méjèèjì. Ẹ gbé òòlù jìnnà o, nítorí irin rẹ̀ máa ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mélòó kan, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìlà náà kọjú sí àríwá pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Òkúta tó bá dá kọjú sí ibòmíràn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti yí kúrò níbi tí wọ́n ti bí i. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó yẹ ara òkúta wò, láti ojú mẹ́ta: òkè, iwájú àti ẹ̀gbẹ́. Ìdí ni pé bí ẹ bá ń wo ojú tí ìlà tẹ́ sí nìkan, ẹ lè má rí ìlà kankan. Tí ìlà dúdú àti ìlà funfun bá tẹ̀lé ara wọn, tí òkúta náà sì le, gneiss nìyẹn. Tó bá ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tó ń dán yanran nínú oòrùn, tí èékánná sì lè gé lára ìdán rẹ̀, schist ni, mica ló sì ń dán. Èyí tó dúdú tó tún wúwo lọ́wọ́, bíi ti Ìtagunmọ́dì, amphibolite ni. Irú òkúta tí òkè oníná máa ń tú jáde ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní gneiss láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni akọ òkúta bíi èyí tó pọ̀ jù ní òkè Ìdànrè. Èyí ti yọ́ rí kó tó dì, àwọn èròjà rẹ̀ sì sábà máa ń fọ́n káàkiri láìtò sí ọ̀nà kan.

Òkúta funfun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní ìsun omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, àti lórí àwọn òkè tó gba ibẹ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, quartzite ló gbé òkè náà dúró. Iyanrìn ni tẹ́lẹ̀. Ẹ mú èyí tó ti já, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Iyanrìn tó kàn lẹ̀ mọ́ra á máa bọ́ ní hóró hóró; ti ibí kò ní bọ́, nítorí pé ooru ti so àwọn hóró náà pọ̀ di ọ̀kan, débi pé bí òkúta bá là, àárín hóró ló ń là gbà. Ẹ fi igun rẹ̀ ha ìgò: á ha á. Mábù kò lè ha ìgò, ọ̀bẹ ló ń ha mábù. Ẹ fi ọ̀bẹ fá díẹ̀ lára rẹ̀ di ẹ̀tù, kí ẹ da ọtí kíkan sí ẹ̀tù náà, á hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má ṣàìfá a, nítorí mábù oríṣi kan wà, bí irú èyí tí a ń rí ní Ìgbẹ́tì, tí kì í fẹ́ hó bí kò bá tíì di ẹ̀tù. Èyí tí èékánná lásán bá ha, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, òkúta tálíkì ni. Irú òkúta yìí ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́ tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1945. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ dán èékánná wò lára àwọn ère yẹn.

Báwo la ṣe ń mọ bí òkúta ṣe jìn tó kó tó padà wá? Ọ̀nà náà là ní òkè ilẹ̀ Scotland. Láti 1893 lọ ni George Barrow, onímọ̀ nípa àpáta, ti ṣe àlàyé pé bí òun ṣe ń rìn láti ibì kan sí èkejì, òun ń rí èròjà tuntun nínú àpáta tó jẹ́ ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn èròjà náà sì ń dé tẹ̀léra wọn: biotite, garnet, staurolite, kyanite, títí dé sillimanite níbi tí ooru ti pọ̀ jù. Lónìí a mọ̀ pé kyanite, andalusite àti sillimanite jẹ́ èròjà kan náà tó yí ìrísí padà gẹ́gẹ́ bí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bá ṣe rí. Ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè jọ wà pọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: nǹkan bíi dígírì 500, ní jíjìn tó tó kìlómítà 14 tàbí 15. Nítorí náà, ẹ gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá dání, kí ẹ sì fara balẹ̀ wá garnet pupa roboto nínú schist. Ẹ má wulẹ̀ wá a nínú quartzite tó mọ́, nítorí iyanrìn lásán kò ní àwọn èròjà tí garnet fi ń hù.

Ẹ má gbójú fo àwọn ìlà quartz funfun tó gba inú àpáta kọjá bí ẹ bá wà ní Ìjẹ̀ṣà. Omi gbígbóná tó ń gba ojú àpáta tó là lọ sókè ló fi wọ́n sílẹ̀, òun náà ló sì gbé góòlù wá pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí góòlù fi wà ní agbègbè náà, títí dé ibi ìwakùsà Segilola tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú góòlù jáde ní 2021.

Òòlù kàn báyìí. Ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú. Kí ẹ tó lu òkúta, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ sì fi máákà fa ọfà sí i lára: èyí tó kọjú sí àríwá, àti èyí tó fi òkè hàn. Ẹ gé èyí tó tó ìkúùkù, tí oòrùn kò tíì jẹ ara rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí òkúta fúnra rẹ̀, kí ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ibi tí ẹ wà, ọjọ́, àti ohun tí ẹ wọ̀n.

Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ nípa àpáta wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń gé òkúta, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́ dé mìlímítà 0.03, débi tí ìmọ́lẹ̀ á fi là á kọjá, kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ ó wá rí garnet tó gbé ìlà àtijọ́ mì sínú, tí ìlà inú rẹ̀ sì kọjú sí ibi tó yàtọ̀ sí ti ìta. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ ti fún àpáta náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, wọ́n lè wọn uranium àti òjé inú hóró zircon, kí wọ́n rí i pé àárín hóró náà ti lé ní bílíọ̀nù ọdún, nígbà tí etí rẹ̀ kò ju 600 mílíọ̀nù lọ. Ẹni tó máa gé òkúta náà ní láti gé e dábùú ìlà ara rẹ̀, kó sì mọ ìhà tó kọjú sí nígbà tó wà nílẹ̀. Ọfà tí ẹ fà sí i ló máa wò.